Owó Ìgò: Ta Ló Ni Owó Tí Ẹ̀rọ Náà Ń San?

Irú fídíò kan wà tó ti pẹ́ tó ti ń ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn láàárín wa. Ọmọ Nàìjíríà kan ní Jámánì á gbé àpò ike omi àti agolo bíà lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá, á máa kì wọ́n bọ ojú ihò ẹ̀rọ kan lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ náà á sì já risíìtì fún un. Á fi risíìtì yẹn ra búrẹ́dì níbẹ̀. Èsì tí àwọn ènìyàn wa máa ń fọ̀ sí i kì í sì í ju méjì lọ: àwọn kan á ní ìjọba tiwọn mọyì aráàlú, àwọn yòókù á ní kí wọ́n ṣáà gbé ẹ̀rọ náà wá sí Adó-Èkìtì, ká wò ó bóyá ike kan á ṣẹ́ kù sí gọ́tà.

Èsì méjèèjì fo ibi tí ọ̀rọ̀ wà dá. Ìjọba kọ́ ló fún ọmọkùnrin yẹn lówó, ẹ̀rọ náà kò sì ta á lọ́rẹ. Owó ara rẹ̀ ló gbà. Ọjọ́ tó ra omi ló ti san án sílẹ̀. Ní Jámánì, gbogbo ike omi àti agolo tí wọn kì í fọ̀ tún lò ló ní owó ìdógò senti 25 lórí, èyí yàtọ̀ sí owó ohun tó wà nínú rẹ̀. Tí omi bá jẹ́ senti 50, senti 75 ni ẹ ó san. Tí ẹ bá dá ike padà, ẹ ó gba senti 25 yín. Tí ẹ bá sọ ọ́ nù, owó yín lẹ sọ nù.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti lé lógójì ọdún ní Èkìtì. Láyé ìgbà tí gbogbo mínírà wà nínú ìgò gíláàsì, ẹni tó bá fẹ́ rà lọ́dọ̀ màmá oníṣọ́ọ̀bù ní láti mú ìgò òfìfo wá láti ilé, tàbí kó dúró mu ún tán lójú màmá, tàbí kó fi owó ìgò sílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá rán tí kò ní ìgò, tí kò sì ní owó ìgò, màmá á já ọ̀rá kan, á da mínírà sínú rẹ̀, á fi sítírọ́ọ̀ sí i lẹ́nu, á so ó mọ́ ọn, á sì dá ìgò padà sínú kíréètì. Ọmọ á máa fà á mu lọ sílé. Màmá kò ní jẹ́ kí ìgò yẹn kúrò lójú òun lọ́fẹ̀ẹ́, torí pé òun náà ti fi owó ìgò àti owó kíréètì sílẹ̀ lọ́dọ̀ alágbàtà tó ń já ọjà fún un. Tí ìgò kan bá fọ́ tàbí tó sọnù, àpò rẹ̀ ni owó rẹ̀ ti máa jáde. "Ìgò mi dà?" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu irú àwọn màmá bẹ́ẹ̀.

Bíà ṣì ń rìn lójú ọ̀nà yẹn títí dòní. Ẹ lọ sí ilé ọtí lálẹ́, ní Ìkéré tàbí ní Ìkọ̀lé, ẹ ó rí bí ẹni tó ń tà á ṣe ń ka ìgò sínú kíréètì kó tó ti ilẹ̀kùn, tó ń wo abẹ́ tábìlì àti ẹ̀yìn àga. Ẹ wá wo gọ́tà tó wà níwájú ilé ọtí kan náà. Ike omi, ike mínírà àti ọ̀rá piọ́ wọ́tà ló kún un. Àwọn ènìyàn kan náà ló mu méjèèjì, ní alẹ́ kan náà. Nítorí náà, mi ò lè gbà pẹ̀lú àwọn tó máa ń ní ọ̀bùn ni wá, pé ìwà wa ni kò dára. Ìgò bíà ní ẹni tó ń wá a. Ilé-iṣẹ́ tó ń pọn ọn fẹ́ gbà á padà, kó fọ̀ ọ́, kó tún rọ ọtí sí i, lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Ike fúyẹ́, kì í fọ́, ó sì pọ̀ ju kí ẹnikẹ́ni máa wá a kiri lọ. Nígbà tí ike wá gba ọjà lọ́wọ́ ìgò, owó ìgò bá ìgò lọ. Iṣẹ́ tí òfin ìdógò ń ṣe ni pé ó ń fi tipátipá dá owó yẹn padà sórí ike.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé owó náà, torí ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń rò pé owó-orí tuntun ni. Ká ní òfin fi ₦100 lé orí ike kọ̀ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ tó rọ mínírà ló máa kọ́kọ́ san ₦100 sí àpò àjọ kan tó ń bójú tó ètò náà. Alágbàtà á san án fún ilé-iṣẹ́ nígbà tó bá wá já ọjà, oníṣọ́ọ̀bù á san án fún alágbàtà, ẹ̀yin náà á sì san án fún oníṣọ́ọ̀bù. Ní báyìí, olúkúlùkù wọn ti gba tirẹ̀ padà. Tiyín nìkan ló ṣì wà níta. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé ike padà, oníṣọ́ọ̀bù á yọ ₦100 fún yín, àjọ yẹn á sì fi ₦100 tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dí i fún oníṣọ́ọ̀bù. Nínú owó ẹni tó bá dá ike padà, kọ́bọ̀ kan kò wọ àpò ìjọba.

Ẹni tó bá ní òye ọjà á wá béèrè pé kí ni wọ́n wá fi ń san owó ọkọ̀, owó ẹ̀rọ àti owó òṣìṣẹ́. Apá kan rẹ̀ ni owó àwọn tí kò dá ike padà. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń pín ìyẹn: ní Jámánì, ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń rọ ohun mímu ló ń wà, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ń lọ sí àpò ìpínlẹ̀ fún àtúnṣe àyíká, ìdá tó kù sì jẹ́ ti àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Apá mìíràn ni owó tí wọ́n ń rí lórí ike àti agolo tí wọ́n bá tà fún àwọn tó ń yọ́ ọ. Ike tó gba ọ̀nà yìí wá kò bá omi ọbẹ̀ àti erùpẹ̀ pọ̀, nítorí náà ó níye lórí ju èyí tí wọ́n ṣà láàtàn lọ. Agolo alumíníọ̀mù ló sì ń mówó wọlé jù, torí pé yíyọ́ agolo àtijọ́ fi nǹkan bí 95 nínú ọgọ́rùn-ún dín agbára iná tí ṣíṣe alumíníọ̀mù tuntun látinú òkúta ń gbà kù. Ohun tó bá kù, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń rọ ohun mímu ló ń san án, ní owó kékeré lórí ike kọ̀ọ̀kan.

Kí ló wá dé tí senti 25 fi ń ṣe ohun tí ìwàásù àti pátákó "ẹ má da ìdọ̀tí sí gọ́tà" kò rí ṣe? Lọ́dún 1979, àwọn onímọ̀ méjì nípa ìrònú ẹ̀dá, Daniel Kahneman àti Amos Tversky, tẹ iṣẹ́ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé bí àdánù ṣe ń dun ènìyàn tó, èrè tí iye rẹ̀ kò yàtọ̀ kì í dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ₦100 rẹ̀ já bọ́ lápò á yíjú padà wá a. Ẹ sọ fún ẹni kan náà pé ₦100 kan wà ní òdìkejì ìlú tó lè lọ gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ó lè ní òun ò ráyè.

Ibi tí ìdógò ti yàtọ̀ sí ẹ̀bùn nìyẹn, a sì máa ń dà wọ́n pọ̀. Ní Èkó, láti ọdún 2012 ni ilé-iṣẹ́ Wecyclers ti ń fi kẹ̀kẹ́ akẹ́rù gba páńtí lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò, tí wọ́n sì ń fi máàkì tí ènìyàn lè fi gba ohun èlò ilé san án fún wọn. Ilé-ìwé kan wà ní Ajẹ́gúnlẹ̀ tó ń gba ike lọ́wọ́ òbí dípò owó ilé-ìwé. Iṣẹ́ gidi ni, mo sì fẹ́ kí irú rẹ̀ pọ̀ ní Èkìtì. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: òṣùwọ̀n kílò ni wọ́n sábà máa fi ń ra ike lọ́wọ́ ẹni tó ṣà á, ike mínírà 50cl òfìfo kò sì ju bíi giramu 20 sí 25 lọ. Ènìyàn ní láti kó bí 40 tàbí 50 jọ kí kílò kan tó pé. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó mu mínírà kan nínú mọ́tò láti Adó dé Ìjerò kò ní gbé ike yẹn sápò nítorí kílò kan. Fèrèsé ni ike náà máa gbà jáde. Ẹ̀bùn ń ran ẹni tó ń ṣa ike lọ́wọ́. Kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mu ún. Ti ìdógò, ọwọ́ ẹni tó mu ún ló ti bẹ̀rẹ̀, látorí ike kan ṣoṣo.

Ẹ̀rọ yẹn ńkọ́? Ìránṣẹ́ ni. Ní Norway lọ́dún 1972, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì, Petter àti Tore Planke, dá ilé-iṣẹ́ Tomra sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe láti bá oníṣọ́ọ̀bù yanjú wàhálà ìgò òfìfo tí oríṣi rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ lè tètè ṣà lọ. Tomra yìí ṣì wà lára àwọn tó ń ṣe é jù lágbàáyé.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ẹ ó ti ike bọ ihò rẹ̀, kí ìdí rẹ̀ ṣáájú. Bẹ́líìtì kékeré kan á fà á wọlé, á máa yí i bírí títí kámẹ́rà á fi rí àmì onílà dúdú tó wà lára ìwé ike náà, irú èyí tí wọ́n máa ń yẹ̀ wò níbi tí à ń sanwó sí. Ẹ̀rọ á wo gíga rẹ̀ àti bó ṣe rí, á mọ̀ bóyá nǹkan ṣì wà nínú rẹ̀ láti ara bó ṣe wúwo tó. Ohun tó ń wá ni bóyá ẹnì kan ti san owó ìdógò lórí ike yìí. Tí kò bá rí i nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, á dá a padà sí yín lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kìlọ̀ fún àlejò níbẹ̀ pé kó má tẹ ike pa, kó má sì bó ìwé ara rẹ̀. Tó bá gbà á, ẹ ó gbọ́ ariwo nínú: ó ti rún un pẹlẹbẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà tún gbé e wá. Ìgò gíláàsì tí wọ́n máa fọ̀ tún lò kò ní jìyà bẹ́ẹ̀. Á rọra gba orí bẹ́líìtì lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí wọ́n ti ń tò ó sí kíréètì. Ẹ ó tẹ bọ́tìnnì tí ẹ bá ṣe tán, risíìtì á jáde, ẹ ó gbà á lówó tàbí kí ẹ yọ ọ́ nínú owó ọjà yín.

Rírún yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ní ìlú Cologne ní Jámánì, ọkùnrin kan tó ń ta ohun mímu tún inú ẹ̀rọ rẹ̀ tò kó má baà rún nǹkan kan mọ́. Ìgò kan náà ló ń wọlé tó ń jáde, ní ohun tó lé ní 170,000 ìgbà. Owó tó lé ní 44,000 euro ló ti gbà lọ́nà yìí. Ilé ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n.

Ohun tí mo rò pé ẹ̀rọ ń ṣe jù ni pé ó ń mú iyàn jíjà kúrò. Kì í wo ojú ẹni, kì í ní "kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi lo ti rà á", kì í ní "kò sí ṣéńjì, padà wá lọ́la". Ẹni tí owó rẹ̀ ti dájú ló ń dá ike padà. Àmọ́ kò di dandan kó jẹ́ ẹ̀rọ. Ní Jámánì àti ní Norway gan-an, àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké ṣì ń fi ọwọ́ gbà á. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ní a ò lè ṣe é nítorí iná mànàmáná, ibi tí ìṣòro wà kọ́ ló ń wò.

Bí iye owó náà bá tó, tí ibi tí à ń dá a padà sí kò sì jìnnà, àwọn ènìyàn ń ṣe é. Jámánì ń gba nǹkan bí 98 padà nínú ọgọ́rùn-ún. Orílẹ̀-èdè Lithuania ní Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2016 pẹ̀lú senti 10 euro. Ṣáájú ìgbà yẹn, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ike wọn ni wọ́n ń rí kó, ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún 2017 fi máa parí, ó ti di 92 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ará Lithuania kò yí padà di ènìyàn mìíràn láàárín ọdún méjì. Ní Norway, wọ́n fi owó-orí àyíká há ilé-iṣẹ́ lọ́rùn: bí iye tó ń padà bá ṣe ń pọ̀ ni owó-orí ń dín, tó bá ti dé 95 nínú ọgọ́rùn-ún, wọn kò san án mọ́. Èyí mú kí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ máa wá ike kiri.

Ìtàn Oregon ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú òfin yìí nílẹ̀ wa mọ̀ dáadáa. Lọ́dún 1971 ni wọ́n ṣe òfin tiwọn, àwọn sì ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Senti 5 ni wọ́n fi lé e. Senti 5 ra nǹkan nígbà yẹn. Ogójì ọdún ré kọjá, owó náà kò kúrò lójú kan, ọjà sì ń gbówó lórí. Iye tó ń padà wá lọ sílẹ̀ títí ó fi sún mọ́ 64 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú òfin pé tó bá wà lábẹ́ 80 fún ọdún méjì tẹ̀léra, kí owó náà di senti 10. Ó sì di bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2017. Kò pẹ́ tí iye náà fi gòkè kọjá 80. Ogójì ọdún ni ti dọ́là gbà. Ẹ wo bí náírà ti ṣe láàárín ọdún mẹ́ta péré. ₦10 ti di ohun tí ọmọdé kì í bẹ̀rẹ̀ mú nílẹ̀. Tí òfin bá kọ "₦50" sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iye tí kò ní yí padà, kò ní pẹ́ kú. Ohun tí mo rò pé ó tọ́ ni kí wọ́n so ó mọ́ iye tí ohun mímu ń lọ, bíi ìdá kan nínú márùn-ún, kí àwọn méjèèjì jọ máa gòkè.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé òfin ìdógò á wo gbogbo àìsàn yìí. Nígbà tí Jámánì ń bẹ̀rẹ̀, ìgò tí à ń fọ̀ tún lò ni wọ́n fẹ́ gbà sílẹ̀. Òfin wọn ti 1991 ní tí ìpín rẹ̀ lọ́jà bá lọ sísàlẹ̀ 72 nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n fi owó ìdógò lé àwọn tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan. Ó lọ sísàlẹ̀ lóòótọ́, ìdógò sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2003. Àwọn ènìyàn ń dá ike padà, ṣùgbọ́n ìgò tí à ń fọ̀ tún lò ṣì ń dín kù, kò tó ìdajì ọjà mọ́. Ihò kan náà ni ọ̀pọ̀ ń ti méjèèjì bọ̀, owó ń jáde fún méjèèjì, ẹni tó ń rà á sì rò pé nǹkan kan náà ni. Bẹ́ẹ̀, wọ́n fọ ọ̀kan, wọ́n rún ìkejì. Èyí dùn mí nítorí wa, torí pé kíréètì ìgò tí àwọn màmá wa ń lò tẹ́lẹ̀ lọ́nà yìí ga ju ohun tí à ń wò nínú fídíò lọ.

Ọ̀rá piọ́ wọ́tà kò sì ní wọ inú ètò yìí. Ó fúyẹ́ jù, eyín la fi ń já a, erùpẹ̀ sì máa ń bò ó kí ilẹ̀ tó ṣú. Òun ló pọ̀ jù nínú ohun tí àgbàrá ń kó láti Òkèṣà wọnú odò Ajílọ́sùn ní Adó-Èkìtì tí òjò bá dé. Ọ̀nà mìíràn la máa fi bá a wí. Odò Ọ̀ṣun tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Òṣogbo, Ìgèdè-Èkìtì ni orísun rẹ̀ wà, ohun tí a bá sì dà sí i níbí ń bá omi lọ títí dé ọ̀sà Lẹ́kì.

Àwọn tó ń ṣa ike náà ńkọ́? Ní Jámánì, àwọn arúgbó tí owó ìfẹ̀yìntì wọn kò tó jẹun ń lọ láti ibùdó ọkọ̀ kan sí òmíràn, wọ́n ń wo inú agbọ̀n ìdọ̀tí fún ìgò tí ẹlòmíràn gbàgbé. Àwọn ènìyàn ti wá ń gbé ìgò sí ẹ̀gbẹ́ agbọ̀n dípò inú rẹ̀, àwọn ìlú kan sì kan irin róbótó mọ́ agbọ̀n náà láti máa gbé e sí, kí àwọn arúgbó má baà fi ọwọ́ tú ìdọ̀tí. Tí òfin yìí bá dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn ọ̀dọ́ ọlọ́mọlanke tó ń ṣa ike láàtàn lónìí gbọ́dọ̀ lè gba owó ìdógò ní kíkún lórí ike kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbé wá, láìbéèrè ibi tí wọ́n ti rí i.

Àwọn kan ti ń sọ pé kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkìtì dá òfin tirẹ̀ ṣe. Mo gbóríyìn fún ìtara wọn, ṣùgbọ́n ẹ wo ìrìn tó wà láàárín Ìkéré àti Àkúrẹ́. Ike tí wọ́n rà ní Àkúrẹ́ láìsan owó ìdógò á dé Ìkéré lọ́jọ́ kejì, ní àpò-àpò, láti wá gba owó tí ẹnikẹ́ni kò san. Michigan rí irú rẹ̀, torí pé senti 10 ni tiwọn, àwọn ìpínlẹ̀ kan tó yí wọn ká kò sì san nǹkan kan. Wọ́n ní láti ṣòfin tó ń fìyà jẹ ẹni tó bá gbé ìgò òde wọlé. Scotland náà fẹ́ dá bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2023, ìjọba London kò fọwọ́ sí i kí wọ́n fi ìgò gíláàsì kún un, wọ́n sì gbé ètò náà tì. Àbújá lọ̀rọ̀ yìí wà, tàbí kó tiẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ìpínlẹ̀ Yorùbá jọ ṣe é lọ́jọ́ kan náà, pẹ̀lú àmì kan náà lára ike.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì gbé àbá òfin náà jáde, ohun àkọ́kọ́ tí màá wá nínú rẹ̀ ni iye tí oníṣọ́ọ̀bù máa gbà. Ní Norway, àjọ tó ń bójú tó ètò náà ń san owó iṣẹ́ fún ṣọ́ọ̀bù lórí gbogbo ike tó bá gbà, ó sì ń san jù bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tó ń rún un, torí pé ọkọ̀ á lè kó púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Màmá tó ní ṣọ́ọ̀bù onígun mẹ́rin kékeré ní Ọjà Ọba, tí fíríìjì àti àpò gàrí ti gba ìdajì rẹ̀, níbo ló fẹ́ kó ike igba sí títí ọkọ̀ á fi dé? Ta ló máa fún un ní ₦100 tó máa kọ́kọ́ fi san ẹni tó gbé ike wá, kí àjọ tó dá tirẹ̀ padà fún un? Tí wọ́n bá jẹ́ kó dúró de owó yẹn fún oṣù kan, á ní òun kò gba ike mọ́, kò sì sí ẹni tó lè bá a wí.